Kóòtù Kan, Olùdìbò Ọ̀ọ́dúnrún

Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ fọ́nnu fún ìyá mi ni mo bá èrò rẹpẹtẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ojú títì. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò ti bọ́ sórí rédíò. Ó ní ètò tuntun tí ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀, pé kí oníkálukú máa forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú ilé rẹ̀, ti mú ayédèrú olùdìbò ọ̀ọ́dúnrún lé mọ́kànlá ní àdúgbò kan ṣoṣo. "Ẹnì kan!" ó pariwo. "Ẹnì kan ló forúkọ sílẹ̀ lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún! Ẹ̀rọ wa ti rí i. Kò séwu mọ́." Kò sí ohun tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Kò-séwu bó bá ti kọjá tán. Bó ṣe kúrò lórí rédíò, ó wọ yàrá kọ̀ǹpútà wá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn, nítorí èmi ni mo kọ asẹ́ tó mú wọn.

Asẹ́ la sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó yẹ fọ́tò gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ wò, kó sì já ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì dànù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Bí nǹkan bá ta kókó níwájú mi, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi títí n ó fi tú u, mo sì ti tú èyí. N kò mọ àdúgbò tí wọ́n ti mú àwọn ayédèrú náà. Lórí ẹ̀rọ tèmi, àdúgbò kò ní orúkọ, nọ́ńbà ló ní.

N kò tíì kí ẹnikẹ́ni tí Bàbá Ajórin fi na fóònù rẹ̀ sí mi nímú. Ojúkojú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ló ti ń jó irin láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Ọmọ Onífọ́tò, ìwọ tó mọ̀wé, wá kà á. Kà á sókè kí gbogbo ayé gbọ́."

Mo kà á. "'A ti yọ orúkọ rẹ kúrò. Ìdí: ẹni yìí ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn.'" Èmi ni mo kọ gbólóhùn náà. Mo mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀.

"Orúkọ mìíràn wo?" Iná ìjórin ti pọ́n ojú rẹ̀, kò sì tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀. "Orúkọ kan ni bàbá mi ráyè sọ mí, iṣẹ́ ti pè é kó tó ronú kan èkejì!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, ó gbé e mì kíákíá.

"Tèmi náà rèé," ni Tíṣà wí. Ọdún kẹwàá rèé tó ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ ohùn kíláàsì kò tíì kúrò lọ́fun rẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo ti ń dìbò. Mo ti dìbò nínú oòrùn, mo ti dìbò nínú òjò, mo ti tò láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Wọ́n wá ní èmi kì í ṣe èmi. Ta wá ni mí?"

Gbogbo wọn yíjú sí inú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi dúró lẹ́yìn káńtà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ gíláàsì rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé yóò fò lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ya fọ́tò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti forúkọ sílẹ̀, nítorí nígbà tí rédíò ní kí gbogbo ènìyàn gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, àwọn tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wá bá a, ó sì ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, ó fọwọ́ sọ àyà fún un: "Forúkọ sílẹ̀, jàre. Ọmọ mi wà ńbẹ̀."

"Ìyá Onífọ́tò, kí lẹ fi orúkọ wa ṣe?" obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Ta lẹ tà á fún?"

"Mo ta kí ni?" Ohùn ìyá mi là bí igi gbígbẹ. "Ìwọ, tí mo gbé ọmọ ẹ pọ̀n kí o tó lè jókòó ya fọ́tò! Orúkọ tèmi náà ti lọ. Ṣé mo ta ara mi mọ́ ọn ni?" Ó gbé fóònù tirẹ̀ sókè. Gbólóhùn mi ló wà lójú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú nìyẹn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìwé orúkọ olùdìbò yóò tì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, ó di ọdún mẹ́rin kó tó tún dìbò.

Ìyá mi rí mi láàárín èrò. "Ẹ dákẹ́. Ọmọ mi dé," ó ní. "Wá sọ fún wọn. Ta ló ṣe èyí?"

Inú mi ti ń sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹnì kankan wà tí wọn ò yọ tirẹ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ló nà sókè: Ìyá Aránṣọ, bíríkìlà kan tó ga bí òpó iná, àti alágbàfọ̀ òpin àdúgbò.

"Ìyá Aránṣọ, aṣọ wo lẹ wọ̀ nínú fọ́tò yín?"

"Aṣọ ara mi ni. Kóòtù ìyá ẹ ò yí mi po. Ṣé wàá gbé ìyẹn náà lọ sórí rédíò ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Bíríkìlà ní tòun, kóòtù náà kò kọjá ìgúnpá òun. Ìyá mi ní ó jọ ẹni tó jí aṣọ ọmọléèwé wọ̀, ó ní kó bọ́ ọ. Mo wo alágbàfọ̀.

"Ọjọ́ tí mo ya tèmi, orí okùn mi ni kóòtù wà," ó ní. "Mo ti fọ̀ ọ́, kò tíì gbẹ."

Mo gbójú sókè. Ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó ti máa ń wà. Kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun aláìlẹ́yìn tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀, táì tí ìyá mi ti so sí i lọ́rùn láti ọdún gbọọrọ. Ìyá mi gbà pé fọ́tò tó bá ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ jọ ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Bó o bá wọlé, yóò gbé kóòtù kọ́ ọ lọ́rùn, yóò gbé ọ ka àpótí kan náà, níwájú kọ́tìnì aláwọ̀ òfuurufú kan náà, yóò fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ sókè títí ojú rẹ yóò fi bá ìlà tó fà sójú kámẹ́rà rẹ̀ mu. Kò ní tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bá a mu. Kò sí ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wọ́ nínú àdúgbò wa.

Ohun tí asẹ́ mi sì ń wò nìyí. Kí ẹ̀rọ máa fi ojú wé ojú máa ń pẹ́, Kò-séwu sì fẹ́ kí ohun gbogbo ti wà ńlẹ̀ kí gómìnà tó wá ṣí ètò náà. Mo wá ọ̀nà àbùjá. Mo ní kí ẹ̀rọ gé fọ́tò kọ̀ọ̀kan sí igun kéékèèké mẹ́rìnlélọ́gọ́ta bí ojú àwọ̀n, kó kọ èyí tó dúdú àti èyí tó mọ́lẹ̀ sílẹ̀. Bí ti fọ́tò méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu tán, ẹnì kan náà ni. Mo fi fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì dán an wò, oníkálukú pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀ àti ògiri ilé tirẹ̀, kò ṣìnà rárá. Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ojú ènìyàn kò gbà ju bí igun mẹ́jọ lọ nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Gbogbo ìyókù, kóòtù ni, àti kọ́tìnì.

"Màámi," mo ní, "èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo fi ìka ya igun igun sórí gíláàsì káńtà. Nígbà tí mo parí, mo rò pé ìyá mi yóò gbá mi létí. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

"Ẹ gbọ́ ohun tó wí?" ó bi àwọn èrò. "Ó ní òun wo kóòtù. Òun ò wo ojú. Ọdún márùn-ún ní yunifásítì! Ọmọ tí mo rán níṣẹ́ ìwé, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo kóòtù."

"Èmi ni mo jó kẹ̀kẹ́ tó fi ń lọ síléèwé," ni Bàbá Ajórin wí. "Ǹ bá ti jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ rìn."

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì wò mí bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá tó dọ̀tí. Ìyẹn dùn mí ju ti Bàbá Ajórin lọ.

"Tún un ṣe," ni ìyá mi wí. "Kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Àwọn wọ̀nyí ò mọ ìjọba, èmi ni wọ́n mọ̀. Bó bá kọjá aago mẹ́rin, má pè mí ní Màámi lójú pópó mọ́."

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo to fọ́tò méjì síwájú Kò-séwu: ti Bàbá Ajórin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kún bí igbó, àti ti Tíṣà tí orí rẹ̀ pá bí awo. Kóòtù kan náà wà lọ́rùn àwọn méjèèjì.

"Ẹnì kan náà ni asẹ́ pe àwọn wọ̀nyí, sà. Kóòtù ló mú. Kò mú ènìyàn kankan."

Ó ń fi ṣíbí ro tíì. Ó wo fọ́tò àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ṣíbí náà sì dúró. Mo rí i pé ó ti yé e. Lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

"Kò séwu," ó ní.

"Ewu wà, sà. Ènìyàn gidi ni wọ́n. Ìyá mi wà nínú wọn."

"Á à! Ìyá ẹ." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí mo gbé ẹ̀bùn fún. "Ó wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. Bí mo bá dá wọn padà lónìí, kí ni aráyé máa wí? Pé ọmọ kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń dá àwọn ará ilé ẹ̀ padà sínú ìwé. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyá ẹ?"

"Ẹ jẹ́ kí a padà sórí rédíò, sà, kí a ní a ṣe àṣìṣe."

"Gómìnà pè mí lálẹ́ àná. Gómìnà fúnra ẹ̀! Ó ní kí n lọ fi ètò yìí han àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Kí n wá padà sórí rédíò, kí n ní ẹ̀yin ará, kóòtù la mú?" Ó mu tíì rẹ̀. "Lẹ́yìn ìdìbò, a ó tún un yẹ̀ wò."

"Lẹ́yìn ìdìbò! Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, sà."

"Ta ló bẹ́ orí ọ̀hún? Orúkọ ta ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà? Bí ariwo bá ta, ìwọ ni wọ́n máa mú, ọmọ mi. Èmi ò mọ igun, mi ò mọ ìlà, olórí ọ́fíìsì lásán ni mí." Ó fa àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde, ó tì í sí ọ̀dọ̀ mi. Ìwé ìgbéga ni. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí yàrá kọ̀ǹpútà. Déètì ọjọ́ náà ló wà lórí rẹ̀, inki rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa.

N kò fọwọ́ kàn án. Ohun mìíràn ló bọ́ sí mi lọ́kàn. "Abala kẹrìnlá òfin ìforúkọsílẹ̀, sà. Ó ní ẹni tí a bá yọ lè wá sí káńtà fúnra ẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò mìíràn, kí wọ́n sì dá a padà lójú ẹsẹ̀, kí ìwé tó tì."

"Ṣé ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí wọn?"

Kò sí ńbẹ̀. Ó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dúró lẹ́yìn àga mi, ó fi ìka kan gbólóhùn náà lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Yọ èyí. Jẹ́ kó kúrú." Mo rò pé nítorí fóònù kéékèèké àwọn àgbàlagbà ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tilẹ̀ ní ó mọ́ra báyìí.

"Ẹ ní kí n yọ ọ́," mo ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ nípa abala kẹrìnlá lẹ́nu ẹ, gbé káàdì ọ́fíìsì ẹ sórí tábìlì mi, kí o máa lọ."

Mo fi ìbínú jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdajì ìbínú náà, sí ara mi ni. Ọkùnrin yìí kò mọ igun kankan lóòótọ́. Ohun tó mọ̀ ni ibi tí ènìyàn lè gbà bọ́, ó sì ti dí i pa kí n tó parí asẹ́. Ọwọ́ mi ló fi dí i.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti pe ìyá mi. Ó gbé e.

"Ẹ kó gbogbo wọn wá sí káńtà wa lọ́la, kí aago mẹ́jọ tó lù. Kí oníkálukú wọ aṣọ ara ẹ̀, kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ gbé kámẹ́rà yín. Ẹ fi kóòtù sílé."

"Mi ò ní fi kóòtù sílé," ó ní. "Kí wọ́n rí i." Ó pa fóònù.

*

Ní aago mẹ́jọ ọjọ́ Ẹtì, ìlà ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti yí ilé náà po dé ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní káńtà, Ìyá Òǹtẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń lu òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn, láti ayé ìwé ńlá tí wọ́n ń fi bírò kọ. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo sì sọ ohun tí Kò-séwu wí.

"Àbúrò mi," ó ní, "àgbà tó bá ka abala kẹrìnlá fún ara ẹ̀ kò tíì dẹ́ṣẹ̀. Fa àga ẹ wá."

Mo jókòó tì í. Ìyá mi gbé kámẹ́rà àti àpótí rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ti ń ya wọ́n ni mo ń fi wáyà fa fọ́tò náà wọ kọ̀ǹpútà, Ìyá Òǹtẹ̀ ń yẹ káàdì wò, ó ń tẹ orúkọ padà. Mo ti ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá gbà ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ, ìlà yóò tán kí aago mẹ́rin tó lù pẹ̀lú ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá di ìṣẹ́jú méjì, a ti gbé.

Iṣẹ́ náà ń dun ìyá mi. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà. "Yí ojú ẹ sápá kan. Ìwọ, gbé èjìká kan sókè. Ẹ má jókòó bí ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́, ìjọba ò fẹ́ ẹ! Ogún ọdún ni mo fi ń kọ́ yín níjòókòó, ẹ bà á jẹ́ kí ẹ lè wọlé." Ìyá Aránṣọ, tí wọn ò yọ orúkọ rẹ̀, wá tò wọ́n sórí ìlà, ẹni tó bá fẹ́ já ìlà, ó ń fi ojú lé e padà.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, a ti ṣe ọgọ́fà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti tún wáyà kámẹ́rà ṣe ni Kò-séwu náà jáde.

"Kí lèyí? Ta ló ní kí ẹ wá síbí?"

"Abala kẹrìnlá," ni Tíṣà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí láìwo ìwé. Mo ti fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́. Ó ti há a sórí.

Kò-séwu kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó nawọ́ sí páànù tí wọ́n ń fà wálẹ̀ bo ojú káńtà, ó fà á, ó ró gbàà. "Ẹ̀rọ ti kú," ó ní. "Ẹ máa lọ sílé. Kò séwu, a ó pè yín."

"Ẹ̀rọ ò kú, sà," ni Ìyá Òǹtẹ̀ wí láti abẹ́ páànù. "Ó ń mí."

Ariwo ta. Bàbá Ajórin kúrò lórí ìlà, ó fẹ́ gbá páànù náà ní ìpá, àwọn ènìyàn dì í mú. Ìyá mi ló wá síwájú. Kò pariwo. Ó rìn títí ó fi kù díẹ̀ kí kámẹ́rà àyà rẹ̀ gbá Kò-séwu nínú.

"Ẹ̀yin lẹ ní a jẹ́ ẹnì kan?"

"Màmá, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í parọ́, kì í sì í mú aláìṣẹ̀. Bí èmi bá wá gba gbogbo yín wọlé báyìí, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ojúlówó olè?"

"Olè! Ẹ wo ojú wọn! Ṣé ẹ ò lójú ni?"

"Mi ò ní láti wo ojú ẹnikẹ́ni, màmá. Ìdí tí a fi ra ẹ̀rọ nìyẹn."

A gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ káńtà ṣí. Ìyá Òǹtẹ̀ ló jáde, ó ń nu inki kúrò ní ìka rẹ̀.

"Ìyá Onífọ́tò, ẹ fún mi ní kóòtù yẹn."

Ìyá mi yọ ọ́ nínú báàgì, kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù sì tẹ̀lé e. Ìyá Òǹtẹ̀ wọ̀ ọ́ lé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bá a mu bí ẹni pé òun ni wọ́n rán an fún. Ènìyàn méjì di kọ́tìnì mú lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi gbé e ka àpótí, ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wo ojú ìlà, ó tún un gbé díẹ̀, kò kánjú, bí ẹni tí kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ ṣe láyé ju kí fọ́tò yìí dára. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Fi rọ́pò èyí tó wà nínú ìwé mi," Ìyá Òǹtẹ̀ sọ fún mi. "Orúkọ mi gangan."

"Ìyá, wọ́n á yọ yín o."

"Ṣé mo bi ọ́?"

Mo gbé páànù náà sókè díẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. N kò tíì mí kanlẹ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún lápò rẹ̀. Ó mú un jáde, ó nà án jìnnà sí ojú bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, ó kà á fún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀: "'A ti yọ orúkọ rẹ kúrò. Ìdí: ẹni yìí ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn.'" Ó yíjú sí Kò-séwu. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, sà. Ẹ̀yin lẹ fi aago ọwọ́ dá mi lọ́lá lọ́dún tó kọjá, níbí yìí. Ẹ wá bá mi wá ẹnì kejì tí mo jẹ́."

Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Kò-séwu la ẹnu. Mo dúró kí ó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjì rẹ̀ yẹn, kò jáde. Ó fi ẹ̀yìn rìn wọ yàrá rẹ̀, a sì gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ti yí lẹ́ẹ̀mejì. Kò pàṣẹ kí a ṣí. Kò pàṣẹ kí a tì. Ìyá Òǹtẹ̀ fi èjìká ti páànù sókè, ó jókòó.

"Tèmi ni mo máa kọ́kọ́ dá padà," ó ní. "Ẹ má bínú. Àgbà ti já ìlà."

Bàbá Ajórin kò tíì fẹ́ gbà pé ìjà ti parí. Ó lọ ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn Kò-séwu, ó ń pè é jáde, ó ń pè é ní gbogbo ohun tí irin gbígbóná kọ́ ọ láti máa pe nǹkan. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ tó padà, ìlà kò dá a mọ̀ mọ́. Ìyá Aránṣọ ní kó lọ sẹ́yìn.

Ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta ni páànù náà ti jẹ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo mọ iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń fa fọ́tò, mo ń tẹ̀, Ìyá Òǹtẹ̀ kò sinmi jẹun, kò sinmi mu omi. Aago méjì. Aago mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹta ni àwọn ènìyàn ti ìyá mi síwájú kí ó ya tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ló dá wọn lóhùn pé ẹni tó pe èrò wá kì í ṣáájú wọn wọlé.

Ìgbà tí aago mẹ́rin lù, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Kò sí ẹni tó tì í. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kó tì fúnra rẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà jákèjádò ìpínlẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níwájú wa, ó ti na káàdì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti dé ìdajì.

"Ẹ bá mi parí ẹ̀," ó ní.

Ìyá Òǹtẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú.

Igba lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló wọlé. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kù síta, Bàbá Ajórin sì wà nínú wọn, ìyá mi náà sì wà nínú wọn. Kò-séwu ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó na ọwọ́ sí mi. Mo bọ́ káàdì ọ́fíìsì kúrò lọ́rùn, mo jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he é.

Ẹnì kan nínú àwọn tó ti wọlé ní kí a dúpẹ́, pé èyí tó pọ̀ ti bọ́ sí i.

"Ta ló ń dúpẹ́?" Ìyá mi yí padà, ojú rẹ̀ pọ́n kanrin. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wo ni kí n fi tọrẹ? Ẹ dárúkọ ẹni tí kí n lọ bá nílé kí n ní kó dúpẹ́!"

Ẹni náà wolẹ̀. Tíṣà ló sọ̀rọ̀. Ó ní ilé-ẹjọ́ ń gba ẹ̀sùn irú èyí títí di ọjọ́ Ajé, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ bá lè fi hàn pé òun wà lórí ìlà kí aago mẹ́rin tó lù. Ó ní kí a kọ orúkọ wọn, kí oníkálukú fọwọ́ sí tirẹ̀, kí Ìyá Òǹtẹ̀ jẹ́rìí. Ìyá Òǹtẹ̀ ti fa ìwé jáde kó tó sọ tán. Ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá mi na bírò sí mi. Láti Ọjọ́rú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó na nǹkan sí mi.

"Màámi, bí mo bá dé ilé mo lè tẹ̀ ẹ́ kíákíá, kó jáde ní—"

"Ọwọ́ ni kó o fi kọ ọ́. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Jókòó."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé ìwé lé orúnkún. Bàbá Ajórin ló kọ́kọ́ wá, ó dúró lé mi lórí, ó ń mí gùlegùle.

"Orúkọ yín, bàbá?"

"Kí lo wí?"

"Orúkọ yín. Èyí tó wà nínú káàdì."

"Ojúkojú ilé yín ni mo wà kí wọ́n tó bí ẹ!"

Òótọ́ ni. N kò sì mọ̀ ọ́n. Bàbá Ajórin ni mo ti ń pè é láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Mo rò pé yóò ṣépè. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀, ó yọ káàdì, ó sì sọ ọ́ tán pátá, tirẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti ilé wọn. Mo ń kọ ọ́, ó ń wo ẹnu bírò.

"Kọ ọ́ kó hàn," ó ní. "Kí adájọ́ má lọ ní òun ò rí i."

Mo gbé ìwé fún un, ó fọwọ́ sí i. Ìyá mi ti di ọmọbìnrin tí wọ́n já orúkọ rẹ̀ sí méjì lápá mú, ó tì í síwájú mi.

"Ẹni tó kàn," ó ní.